Ẹni Tó Ń Wò Kì Í Yìnbọn

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ìyá mi kékeré,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, kú òtútù, kú ìfaradà ilé onílé. Ara mi le. Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ ń mọ ògiri kan lẹ́yìnkùlé. Ó ti wó o lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kò gún. Bíríkìlà tí ò lè parí ògiri ilé bàbá rẹ̀! Mo bú u títí, ẹ̀rín ló ń rín.

Má pè mí lórí fóònù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ọ̀rọ̀ wa lórí fóònù, "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ṣé o ń gbọ́ mi?" ló máa ń parí sí. A ò ní tíì sọ nǹkan kan, káàdì á ti tán. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pariwo sọ.

O mọ iṣẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ ọdẹ. Láti ìgbà tí orúnkún mi ti kọ̀ láti máa sáré tẹ̀lé ẹran, èmi ni olùwò. Èmi ni mo ń jókòó sórí àpáta, tí mo ń fi awò wo àfonífojì nísàlẹ̀, tí mo sì ń sọ ohun tó bá jáde látinú igbó. Ẹ̀gbọ́n rẹ á dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ìbọn. Tí mo bá ní "Àgbọ̀nrín ni", á yìnbọn. Tí mo bá ní "Fi sílẹ̀", á fi sílẹ̀. Òfin wa ò yí padà láti ayé bàbá mi: ẹni tó ń wò kì í yìnbọn, ẹni tó ń yìnbọn kì í jiyàn.

Awò olójú méjì tí mo ń lò, ẹni tó ń wò ṣáájú mi ló fi í sílẹ̀. Ó dàgbà ju ẹ̀gbọ́n rẹ lọ. Ìkùukùu ti bo inú rẹ̀. Lóṣù tó kọjá mo ní àgbọ̀nrín ni mo rí, ẹ̀gbọ́n rẹ yin ọta méjì, wọ́n sáré débẹ̀, kùkùté igi ni wọ́n bá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Káfíńtà ọ̀rẹ́ mi, tó yẹ kó gbè mí lẹ́yìn, òun gan-an ló sọ mí ní Bàbá Kùkùté. Gbogbo àdúgbò ló ti gbà á sẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ burúkú òun ẹ̀rín ni. Ẹgbẹ́ ti ní tí mi ò bá rí awò gidi kí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ tó wọlé, kí n máa jókòó sílé. Kí ni mo fẹ́ máa ṣe nílé? Ìyá rẹ ò sí níbẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá gba àpáta yẹn lọ́wọ́ mi, kí ẹ kúkú máa bọ̀ wá sin mí. Bá mi wá awò. Èyí tó lágbára jù ni kí o rà.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ má bínú pé èsì mi pẹ́. Ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ti gba aṣọ ibùsùn hòtẹ́ẹ̀lì méjì kún ti tẹ́lẹ̀. Oru ẹ̀rọ ìlọṣọ bó mi lọ́wọ́, mi ò lè di bírò mú fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Mo ka ti kùkùté yẹn fún obìnrin tí a jọ ń gbé yàrá. A rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó ń gbé lókè ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ yàrá rẹ̀ lé wa lórí.

Lọ́jọ́ ìsinmi mi mo lọ sí ìsọ̀ kan tó jẹ́ pé awò nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ló ni ín, Bàbá Aláwò ni mo ń pè é. Ó ti ṣọdẹ rí, ariwo ìbọn ti di í létí ọ̀tún. Mo ní kó fún mi ní èyí tó lágbára jù. Ó wò mí bí ìgbà tí ọmọ ọdún márùn-ún bá ní òun fẹ́ lọ́kọ.

Ó ní awò kì í ṣe ọtí, pé èyí tó le jù kọ́ ló dára jù. Ó to mẹ́rin sórí tábìlì. Nọ́ńbà méjì méjì ló wà lára wọn. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tó ń fa nǹkan sún mọ́ni. Èkejì ni bí ojú iwájú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Olójú méjì tó ń fa nǹkan lẹ́ẹ̀mẹjọ, tí nọ́ńbà kejì rẹ̀ jẹ́ méjìlélógójì, ó ní òun ló dára jù ní ìdájí, nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Tó bá ti ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ, ọwọ́ tó ń gbọ̀n díẹ̀ báyìí á jẹ́ kí ẹran máa jó nínú rẹ̀. Ó wá fi olójú kan hàn mí, ó gùn tó apá mi, orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ń dúró. Ìyẹn ń fa nǹkan dé ìgbà ọgọ́ta. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ṣe ń fà á tó ló ń ṣókùnkùn tó, ibi tí èèyàn ń rí á sì máa kéré sí i. Ó ní, "Olójú méjì la fi ń wá ẹran, olójú kan la fi ń mọ irú ẹran tó jẹ́."

Mo ní kó bá mi di ọ̀kan. Ó ní rárá, kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè. Báwo ni àfonífojì yẹn ṣe jìn tó? Ṣé ọwọ́ yín ń gbọ̀n? Ṣé ẹ ń lo awò ojú? Ìkùukùu tí ẹ ní ó wà nínú awò yẹn, kí ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ṣé òun náà rí i? Kí ẹ wá fọwọ́ bo ojú kan, kí ẹ ka kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri pálọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ bo èkejì, kí ẹ tún un kà.

Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ dáhùn gbogbo rẹ̀. Kí ló dé tí ìkọ̀wé yín fi tóbi báyìí? Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń gba ìlà kan.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún

Ìyá mi kékeré,

Mo kí ọ. Mo ti ní mi ò ní fèsì mọ́. Awò ni mo ní kí o rà, dókítà lo rán sí mi. Ṣé ẹni tó ń ta bàtà máa ń bi oníbàárà bóyá ó lẹ́sẹ̀ ni?

Èsì rẹ nìyí, lọ kà á fún un. Àfonífojì jìn tó ibi tí ohùn èèyàn ò lè dé. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Mi ò lo awò ojú, bàbá mi ò lò ó títí ó fi kú. Ìkùukùu wà nínú awò, ẹ̀gbọ́n rẹ náà rí i. Mo ka kàlẹ́ńdà, mo fi ojú ọ̀tún kà á, mo fi ojú òsì kà á, mo ka orúkọ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ tó wà nísàlẹ̀ mọ́ ọn. Ìkọ̀wé mi tóbi nítorí pé bírò tí wọ́n ń tà báyìí ò dáa. Ṣé ó tán àbí ó kù?

Ṣé o mọ ohun tó dùn mí jù? Nígbà tí ìyá rẹ kú, ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi gbé e pamọ́, à ń retí rẹ. O ní ìwé ìgbélùú rẹ ò tíì jáde, pé tí o bá kúrò níbẹ̀ wọn ò ní jẹ́ kí o padà wọlé. Mo gbà. Ẹbí ní ká sin ín, mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, ọmọbìnrin rẹ̀ ń bọ̀, títí wọ́n fi ń sọ láàárín ara wọn pé orí mi ti dàrú. Láti ọjọ́ yẹn mi ò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni mo lanu, ìbéèrè lo fi dá mi lóhùn.

Káfíńtà ní olójú kan tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn ni kí o rà, pé àwọn ọdẹ tó wà lẹ́yìn òkè ní in. Òun ni mo fẹ́. Má jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn dé bá mi lọ́wọ́ òfo.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ foríjì mí. Lẹ́tà yín pa mí lẹ́kún níbi iṣẹ́, ọ̀gá wa rò pé oru ló wọ̀ mí lójú. Ẹ ò ní gbọ́ ìbéèrè kankan lẹ́nu mi mọ́.

Mo ti ra olójú kan náà. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bọ̀ wálé, ó ti gbà láti bá mi gbé e. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹlẹ̀ dáadáa. Ẹ má fọwọ́ gbá a mú tí ẹ bá ń wò, ojú nìkan ni kí ẹ gbé sún mọ́ ọn. Ogún ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó máa fà á lọ sókè. Tí oòrùn bá ti ga, ooru ilẹ̀ á máa mú kí ohun tí ẹ ń wò mì bí ohun tó wà nínú omi, ẹ dín in kù nígbà náà. Aṣọ kékeré kan wà nínú páálí rẹ̀, òun ni kí ẹ máa fi nù ún, ẹ má fi etí ẹ̀wù yín nù ún o, mo mọ̀ yín.

Bàbá Aláwò ní kí n kí yín. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mò ń bínú sí i. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti kọ̀wé sí i, kò dáhùn. Kí ni mo ṣe fún un?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kọkànlá

Ìyá mi kékeré, ìyá mi gan-an,

Ó dé o! Láti oṣù kẹjọ ló ti dé, mo ní kí n lò ó ná kí n tó kọ̀wé. Gbogbo ẹgbẹ́ ló wá wò ó. Wọ́n ń fọwọ́ kàn án bí ẹni ń fọwọ́ kan ọmọ tuntun, mo ń lé wọn. Káfíńtà kan àpótí fún un, ó tún kan ìjókòó kékeré kan tó bá gíga rẹ̀ mu kí ọrùn má bàa máa ro mí. Nígbà tó parí, ó ní, "Bàbá Kùkùté, tí o bá tún fi èyí pe igi ní ẹran, èmi fúnra mi ni màá tì ọ́ bọ́ lórí àpáta." Mo ní kó gbé ẹnu rẹ̀ lọ síbòmíràn. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo fún un ní fìlà orí mi.

Wọ́n ti dá àpáta padà fún mi. Ìgbà mẹ́rin la ti jáde, ẹran mẹ́ta la pa, mi ò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo máa ń ní kó kọ́kọ́ wò, torí mo fẹ́ kó mọ iṣẹ́ náà lẹ́yìn mi. Á ní, "Bàbá, nǹkan kan ń mì lápá òsì." Èmi á wá gbójú lé e, màá sọ ohun tó jẹ́. Àwọn tó ń lé ẹran jáde nínú igbó, tí Káfíńtà ń ṣáájú wọn, wọ́n ní ojú mi ti padà di ti ọ̀dọ́.

Ti ìyá rẹ yẹn, mo ti dárí rẹ̀ jì ọ́. Má sunkún níbi iṣẹ́ mọ́.

Bàbá rẹ tí inú rẹ̀ dùn.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kọkànlá

Bàbá mi,

Ẹ ṣeun tí ẹ dárí jì mí. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀, àmọ́ kò balẹ̀. Ẹ ní ẹ̀gbọ́n mi ló ń kọ́kọ́ wò. Bàbá, tó bá jẹ́ pé òun ló ń rí i, kí wá ni ẹ̀yin ń wò?

Mo mọ̀ pé mo ṣèlérí pé mi ò ní bèèrè nǹkan kan mọ́. Mo ti yẹ̀ ẹ́. Mo fi ikú ìyá mi bẹ̀ yín, ẹ lọ rí dókítà ojú kí ẹ tó tún gun àpáta yẹn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wò fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Kí wọ́n pè yín ní Bàbá Kùkùté ó, kí wọ́n má pè yín ó, ṣé orúkọ ń pani ni?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kìíní

Bàbá mi,

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo pe fóònù yín, kò wọlé. Mo pe ti ẹ̀gbọ́n mi, ẹnì kan gbé e, ó ní àgọ́ ọlọ́pàá ni, ó sì pa á. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́. Kódà kó jẹ́ ìlà kan.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kìíní

Ìyá mi kékeré,

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí ọ. Káfíńtà ti kú.

Ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ni. Lẹ́tà tí o ti ní kí n lọ rí dókítà, ọjọ́ kejì tí a sin ín ló dé. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní nǹkan kan wà nídìí igi ńlá. Mo gbójú lé awò, mo rí ohun kan tó pọ́n rúsúrúsú, tó tẹ orí ba. Mo ní, "Àgbọ̀nrín ni." Ẹ̀gbọ́n rẹ ò yìnbọn. Ó ní, "Bàbá, ṣé ó dá yín lójú?" Àwọn ẹgbẹ́ méjì wà lẹ́yìn wa, wọ́n ń gbọ́. Mo ní, "Ṣé o fẹ́ máa bá mi jiyàn ni?" Ó yìnbọn.

Okùn bàtà Káfíńtà ló tú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó so ó. Ẹ̀wù aláwọ̀ ilẹ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́ igi ló wọ̀. A gbé e, àmọ́ kó tó di pé a dé ojú títì, ó ti lọ. Ọ̀rẹ́ ogójì ọdún.

Ẹ̀gbọ́n rẹ wà ní àhámọ́. Ó sọ fún wọn pé òun nìkan ló wò, òun nìkan ló yìnbọn, bàbá òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹgbẹ́ dákẹ́. Èmi náà dákẹ́.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Lọ bá aláwò yẹn, kó kọ ìwé pé awò náà lábùkù, pé ó ń fi ohun tí ò sí hàn. Tó bá kọ̀, ìwọ kọ ọ́, kí o lu òǹtẹ̀ ibi iṣẹ́ rẹ sí i. Adájọ́ á wá rí i pé ẹnikẹ́ni ò jẹ̀bi. Ìparí oṣù kejì ni wọ́n máa gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ṣe kíá.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ bá mi kí ìyàwó Káfíńtà, tó bá gbà kí ẹ kí òun. Mi ò ní kọ ìwé náà.

Awò yẹn ò lábùkù. Ẹ gbọ́ ti èmi náà. Nígbà tí èsì ìbéèrè dé lọ́dún tó kọjá, mo gbé e lọ fún Bàbá Aláwò. Kò gbọ́ èdè wa, àmọ́ ó wo bí ìkọ̀wé yín ṣe tóbi, bí ìlà kan ṣe gun orí èkejì, ó dá ìwé náà padà fún mi. Ó ní, "Ẹni tó kọ èyí ò ríran. Awò ò lè fún ojú ní ohun tí ojú ò ní. Mi ò ní tà á fún ọ." Mo kúrò níbẹ̀. Mo lọ rà á ní ìsọ̀ mìíràn tí wọn ò ti bi mí ní nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa pé ó kí yín.

Mo mọ̀, Bàbá. Mo mọ̀, mo sì rà á. Mi ò wá sin ìyá mi, mo wá ń wá ohun tí màá fi ra ojú rere yín padà. Ẹ̀jẹ̀ Káfíńtà wà lọ́wọ́ tèmi náà. Mi ò lè jẹun, mi ò lè wo ara mi nínú dígí.

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fẹ́ rán lẹ́wọ̀n. Ẹ lọ sọ fún wọn pé ẹ ò ríran. Tí ẹ ò bá lọ, màá kó gbogbo lẹ́tà yín ránṣẹ́ sí adájọ́. Mo ti kó wọn sínú àpòòwé. Ẹ má jẹ́ kí n ṣe é, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n ṣe é.

Ọmọ yín, tí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Ìyá mi kékeré,

Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bá mi kọ ọ́, ohùn mi ni. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń ka lẹ́tà rẹ fún mi. Àwọn tó dé kẹ́yìn, mo kó wọn lọ bá a ní àhámọ́, àárín irin ló ti ń kà wọ́n. Nígbà tó kà á dé ibi tí o ti ní o ti kó lẹ́tà mi sínú àpòòwé, ó ká lẹ́tà náà, ó tì í padà sí mi láàárín irin. Ẹ̀ṣọ́ ní àkókò ti tó.

Mo lọ. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo pè é ní àgbọ̀nrín, pé ojú òsì mi ti kú, ọ̀tún ò rí ju òjìji lọ. Ọlọ́pàá tó wà ní tábìlì ní mò ń parọ́ kí n lè gba ọmọ mi sílẹ̀. Ó gbé ìwé síwájú mi, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i. Àṣé ara tábìlì ni mo kọ ọ́ sí. Ẹnì kan fà mí lọ́wọ́, ó fi mí jókòó.

Wọ́n ti jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ máa ti ilé wá jẹ́jọ́. Èmi náà á jẹ́jọ́ tèmi. Dókítà ní ká ní mo tètè wá ni. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìyàwó Káfíńtà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lójú títì, mo mọ ìrìn rẹ̀, mo kí i. Ó ń lọ. Mi ò bínú sí ọ. Èmi ni mo fi òkú ìyá rẹ nà ọ́ lẹ́gba títí o fi ṣe ohun tí o mọ̀ pé kò yẹ.

Àbúrò mi, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń sọ̀rọ̀ báyìí. Bàbá ti sọ tirẹ̀ tán. Ó jókòó tì mí, ó ń gbọ́ ìró bírò, ó rò pé ọ̀rọ̀ òun ni mo ṣì ń kọ.

Lọ́jọ́ tí mo ka ìbéèrè aláwò fún un, mo wo inú awò àtijọ́ yẹn. Kò sí ìkùukùu kankan níbẹ̀. Mi ò sọ, mo ní mo rí i. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dá lẹ́tà rẹ lóhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, èmi ni mo kọ́kọ́ wò. Mo rí ọwọ́. Ọwọ́ méjì, wọ́n ń so nǹkan. Bàbá ní àgbọ̀nrín ni. Mo bi í bóyá ó dá a lójú, ó ní ṣé mo fẹ́ máa bá òun jiyàn ni, àwọn èèyàn sì ń gbọ́. Mo ní lọ́kàn mi pé bóyá ojú mi ló ń tàn mí. Mi ò jiyàn pẹ̀lú bàbá mi rí láyé mi. Mo yìnbọn.

Mi ò sọ fún ọlọ́pàá. Mi ò lè sọ fún Bàbá, ó rò pé òun ti gbà mí sílẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó kù fún un nìyẹn. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kí o fi ṣe.

Ó ń bi mí ohun tí mò ń kọ tó pẹ́ tó báyìí. Mo ní ìkíni ni. Ó ní kí n kí ọ dáadáa.